Ẹyin Àbúrò Mi

Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà. Ṣé orúnkún ọ̀tún yẹn ti rọ̀ yín lọ́rùn díẹ̀? Ṣé òrùlé kò jò mọ́? Àwa náà wà níbí, òtútù kò tíì pa wá. Ọkọ mi ní kí n kí yín. Wọ́n ti gbé e kúrò lórí bọ́ọ̀sì alẹ́, ti àárọ̀ ló ń wà báyìí, a sì ti ń rí ara wa lójú.

Ẹ má bínú pé lẹ́tà ni mo kọ. Tí mo bá pè yín, ẹ máa ń ṣí fóònù sí gbangba, gbogbo àdúgbò á máa bá yín dá mi lóhùn. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti gbogbo àdúgbò.

Màámi, ohun tí ẹ ti ń bi mí láti ọdún mọ́kànlá, mo fẹ́ dáhùn rẹ̀ lónìí. Kì í ṣe iṣẹ́ ni kò jẹ́ ká bímọ. Irọ́ ni mo pa fún yín. Ọdún kẹrin nìyí tí a ti ń lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti yọ ẹyin lára mi, tí wọ́n pò ó mọ́ ti ọkọ mi nínú ìgò, tí wọ́n dá a padà sínú mi. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni kò dúró. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà obìnrin tó ń tọ́jú wa fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. Mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, torí kì í sún mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹyin mi ti tán. Ilé ọmọ mi dáa, ara ọkọ mi dáa, ẹyin ni kò sí. Ó ní tí obìnrin mìíràn tí kò tíì pé ọdún márùndínlógójì bá fún mi ní tirẹ̀, mo lè lóyún, mo sì lè bí i fúnra mi.

Àwọn tó ń fi ẹyin tọrẹ níbí kò pọ̀. Àwọn tó dúdú bíi tiwa kò tó nǹkan rárá. Ọdún mẹ́ta ni màá fi tò sórí ìlà. Òfin ilé ìwòsàn sì ni pé lọ́jọ́ tí mo bá pé ọmọ ọdún méjìlélógójì, wọ́n á pa fáìlì mi dé. Oṣù kọkànlá nìyẹn. Àfi tí mo bá mú ẹni tèmi wá.

Kékeré ló wá sí mi lọ́kàn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ara rẹ̀ le, inú kan náà la ti jáde. Màámi, ẹ bá mi bi í. Mo ní kí ẹ bi í o, mi ò ní kí ẹ pàṣẹ fún un. Èmi ì bá bi í fúnra mi, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ló dàgbà sí. Tó bá jẹ́ èmi ni mo bẹ̀ ẹ́, kò ní lè kọ̀. Tó bá ní òun ò ṣe, kò sí ìjà, ìfẹ́ kò ní dín. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún un gẹ́lẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí èsì pẹ́.

Àkọ́bí yín.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta

Àkọ́bí mi,

Mo gba lẹ́tà rẹ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì tì í mọ́ inú àpótí tí aṣọ iṣẹ́ mi àtijọ́ wà. Ọdún mẹ́rin! O gbé irú ẹrù yìí lórí fún ọdún mẹ́rin. Èmi tí mo bí ọ, èmi tí mo ṣe agbẹ̀bí fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, o kò rí mi fi ṣe alábàárò. Ó dùn mí ju orúnkún lọ.

Ṣé o mọ ohun tí ojú mi ń rí? Kò sí ilé kan ní òpópónà yìí tí mi ò ti gbẹ̀bí. Àwọn tí mo fi ọwọ́ mi gbà ti ń bímọ. Lọ́jọ́ Ẹtì, ìyá oníbúrẹ́dì gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ kẹta wá kí n bá a wo ìdodo rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Agbẹ̀bí, Ọlọ́run á rántí tiyín náà." Mo ní àmín. Mo wo ìdodo. Nígbà tó lọ tán, mo jókòó sórí ìbùsùn, mi ò lè dìde. Ìyá ọkọ rẹ náà pè mí. Ó ní àgbẹ̀ tí igi rẹ̀ kò bá so, ṣé kò ní gbin òmíràn ni? Mo fún un lésì tó tọ́ sí i, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tó sọ.

Nípa ti Kékeré, mo ti bá a sọ ọ́. Ó ti gbà. Kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí o ṣe fún mi nìyí: má bá a sọ ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù. Ojú ń tì í. Ọmọbìnrin tí kò tíì wọlé ọkọ, ṣé o fẹ́ kó máa ka ọ̀rọ̀ ẹyin àti ilé ọmọ níwájú àwọn tí wọ́n jọ ń ránṣọ ni? Tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, kí dókítà ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí Kékeré padà sídìí maṣíìnì rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ ìwé ìrìnnà rẹ̀.

Máa jẹun. O ti rù nínú fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ kẹ́yìn.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta

Màámi mi,

Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Ibi iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín, lẹ́yìn ẹ̀rọ ńlá tó ń gbẹ aṣọ, níbi tí ooru kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró pẹ́. Gbogbo aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn yẹn la ń fọ̀, títí kan ti àwọn ìkókó. Ọ̀gá wa bá mi níbẹ̀, ó bi mí pé ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú, inú mi ló dùn.

Ṣùgbọ́n ó yá jù lójú mi. Mo pe Kékeré. Mo gbọ́ tiyín, mi ò dárúkọ nǹkan kan. Mo kàn ní, "Kékeré, Màámi ní o gbà." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tí mi ò bá ṣe é fún yín, ta ni mo fẹ́ ṣe é fún?" Ló bá rẹ́rìn-ín, ló bá ní kí n bá òun wá bọ́tìnì kan tí wọn kò ní lọ́jà níbẹ̀, a sì sọ ọ̀rọ̀ bọ́tìnì títí káàdì mi fi tán. Ìdáhùn rẹ̀ dùn mọ́ mi. Síbẹ̀ ara ń fu mí. Ẹni tí wọ́n ní kó fi ẹyin ara rẹ̀ sílẹ̀, ṣé bọ́tìnì ló máa wà lẹ́nu rẹ̀?

Káfíńtà tí òun àti Kékeré jọ ń fẹ́ra ńkọ́, ṣé ó mọ̀? Ọmọ tí mo bá bí, ara Kékeré ló ti wá. Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ gbé e níyàwó gbọ́ ọ. Ẹ sì ṣàlàyé fún Kékeré pé abẹ́rẹ́ nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ló máa gbà, pé inú rẹ̀ lè wú, pé wọ́n á fi oògùn mú un sùn kí wọ́n tó yọ ọ́, pé nǹkan lè ṣẹlẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sábà ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n sọ jù mí lọ. Ẹ má fi ìkankan pamọ́.

Àkọ́bí yín.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹrin

Àkọ́bí mi,

Ìgbà wo lo di ẹni tó ń kọ́ agbẹ̀bí níṣẹ́? Obìnrin tó ń rọbí, tí mo bá ní kí n bi í ní ohun tó fẹ́, á ní òun fẹ́ lọ sílé. Mi ò bi wọ́n. Mo ní, "La ẹsẹ̀. Mí kanlẹ̀. Pa ẹnu dé." Nígbà tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n á gbé ọmọ wá, wọ́n á máa dúpẹ́. Àwọn ohun kan wà tí èèyàn kì í mọ̀ pé ó dáa àfi tó bá tán.

Káfíńtà kò tíì di àna mi. Kí ló kàn án?

Ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ̀yin méjèèjì ni mo bí. Ohun tí ọ̀kan ní tí èkejì kò ní, ọwọ́ mi ló wà láti pín in. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ ti jáde. Ní ìparí oṣù tó ń bọ̀, lọ pàdé rẹ̀, mú aṣọ òtútù dání fún un. Kí o sì dákẹ́ ọ̀rọ̀.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà

Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Kékeré ti dé láyọ̀. Ó ti tún gbogbo kọ́tìnì ilé wa rán. Ọkọ mi ní kó má padà mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́. Kì í jẹ́ kí n gbé nǹkan. Tí mo bá gbé garawa, á já a gbà lọ́wọ́ mi. Tí mo bá gun àtẹ̀gùn dé òkè, á bi mí pé ṣé òòyì kò kọ́ mi. Mo rò pé ìtọ́jú àlejò ni. Lọ́jọ́ Ajé a lọ gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ó na apá rẹ̀ kíá, ó ní, "Ẹ gbà á dáadáa o." Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì bi í ní ọjọ́ tó rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó wò mí, ó ní, "Kí ni ìyẹn kàn wọ́n?"

Mo ní, "Bí wọ́n ṣe máa ń béèrè nìyẹn."

Màámi, kí ló dé tí mo fi dá a lóhùn bẹ́ẹ̀? Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti jókòó tì í kí n bi í. Mi ò fẹ́ gbọ́ ìdáhùn ni. Ẹ̀yin ni mò ń bi báyìí: kí lẹ sọ fún Kékeré? Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù yìí, olùdámọ̀ràn ilé ìwòsàn máa bá òun nìkan sọ̀rọ̀, láti mọ̀ bóyá ọkàn rẹ̀ ló fi gbà. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Ẹ fún mi lésì kí ó tó di ìgbà yẹn.

Àkọ́bí yín.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà

Màámi,

Mo pè yín lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ ní ẹ ò gbọ́ mi dáadáa. Èmi gbọ́ yín kedere, mo gbọ́ adìyẹ tó ń ké lẹ́yìn yín.

Lánàá, níbi tí a ti ń ká aṣọ, Kékeré ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tí ara yín bá ti yá, mo fẹ́ wo odò tó wà létí ìlú kí n tó máa lọ." Tí ara mi bá ti yá. Màámi, àìsàn wo ló ń ṣe mí?

Àkọ́bí yín.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà

Àkọ́bí mi,

Ọ̀rẹ́ mi kan ń bọ̀ níbẹ̀, òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán kó má bàa pẹ́.

Mo sọ fún un pé àrùn ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe ọ́, pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìyá rẹ nìkan ló lè wò ọ́ sàn. Ó sunkún, ó ní kí n wá ọkọ̀ òfúrufú lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo sọ nìyẹn. Mi ò lè sọ òmíràn. Mo mọ ọmọ mi. Tí mo bá ní ẹyin, á lọ bi káfíńtà, káfíńtà á lọ bi ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ á ní ọmọ tí wọ́n fẹ́ fẹ́ ti bímọ sílẹ̀ lókè òkun. Oṣù kọkànlá á sì dé bá wa lẹ́nu ìjíròrò.

Mo bẹ̀ ọ́, fi ojú agbẹ̀bí wò ó. Lóṣooṣù ni ẹyin rẹ̀ ń lọ lásán. Kò ní mọ̀ pé ohun kan kúrò lára òun. Tí abẹ́rẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, sọ fún un pé láti mú kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ ni. Wọ́n á mú un sùn, á jí, á padà wálé. Nígbà tí ọmọ bá ti ń rìn, a ó sọ fún un, kò sí ẹni tó máa rí ọmọ tó ń rìn tí á ní kí wọ́n má bí i.

Ní ti olùdámọ̀ràn yẹn, ìwọ ni kó o máa túmọ̀. Ohun tó o bá túmọ̀ ni wọ́n máa gbọ́.

Mi ò fẹ́ kú kí n tó gbẹ̀bí rẹ.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kìíní, oṣù keje

Màámi,

Mi ò mọ irú ìkíni tí mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọjọ́ kẹtàlélógún ni lẹ́tà yín dé ọwọ́ mi. Ó ku ọjọ́ kan. Mo kà á nínú balùwẹ̀, mo fi í sínú báàgì. Kékeré wà nílé ìdáná, ó ń kọrin, ó ń gé àlùbọ́sà. Ẹsẹ̀ márùn-ún péré ló wà láàárín wa. Mi ò sọ fún un. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mi ò sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ṣe é.

Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì, wọn kò gbà kí n túmọ̀. Ògbufọ̀ tiwọn wà lórí fóònù, ọkùnrin kan tí a kò rí, ohùn rẹ̀ ń jáde láti orí tábìlì. Wọ́n ní kí n dúró síta. Mo jókòó sórí àga, mo ń ka òrùka tó wà lára kọ́tìnì. Kò pẹ́ rárá tí obìnrin olùdámọ̀ràn fi ṣílẹ̀kùn, tó ní kí n wọlé.

Ó ní, "Mo bi àbúrò rẹ bóyá ó mọ ohun tó wá ṣe. Ó ní òun wá fún ẹ ní ẹ̀jẹ̀. Mo tún bi í. Ẹ̀jẹ̀ ló tún sọ. Ṣé ògbufọ̀ ló ṣì í túmọ̀ ni? Tí ẹ bá fẹ́, ẹ lọ sọ ọ́ nílé, kí ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Màámi, ilẹ̀kùn nìyẹn, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kí n kàn ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, a ó padà wá." Ẹ̀yin á bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ̀yin á kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ. Mo ti la ẹnu. Mo wo Kékeré. Ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè dé ìgúnpá, ó ti ṣe tán fún abẹ́rẹ́.

Mo kọjú sí i. Mo ní, "Kékeré, ara mi dá. Kò sí àrùn ẹ̀jẹ̀ kankan. Ẹyin rẹ ni wọ́n fẹ́ yọ, èyí tó máa ń di ọmọ. Wọ́n á pò ó mọ́ ti ọkọ mi, wọ́n á fi sínú mi, kí n lè bí i."

Ó ní, "Ọmọ mi?"

Ojú ilẹ̀ ni mo ń wò.

"Ọmọ mi, tí á máa pè mí ní àǹtí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó rọra fa apá aṣọ rẹ̀ walẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà wo lẹ mọ̀ pé mi ò mọ̀?"

Mo ní, "Àná ni." Ó wò mí. Mo ní, "Rárá. Láti oṣù kẹta ni ara ti ń fu mí."

Ọkùnrin orí fóònù ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n túmọ̀ ìyẹn?" Kékeré dìde, ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde. Obìnrin yẹn kọ nǹkan sínú ìwé. Ó bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ o, kò bínú, ṣùgbọ́n ó ní òfin wọn ni pé ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀tàn mú wá, wọn kò lè gba ẹyin lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹni tó mú un wá kí ọdún kan tó pé, kódà tó bá padà wá tó ní òun fẹ́. Ẹ̀yin náà lè ka oṣù. Oṣù kọkànlá kò jìnnà.

Nígbà tí ọkọ mi tibi iṣẹ́ dé, mo sọ fún un. Ó jókòó pẹ̀lú aṣọ awakọ̀ lọ́rùn, ó ní, "O ò lè dákẹ́? Ọ̀sẹ̀ kan péré?" Mo ní, "Mo ti dákẹ́ jù." Ó kó aṣọ sínú àpò, ó lọ sọ́dọ̀ awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ kẹrin ló tó padà. Kò bẹ̀ mí, èmi náà kò bẹ̀ ẹ́. Ó fọ gbogbo abọ́ tó wà nílé ìdáná, ó wá jókòó tì mí.

Kékeré ń sùn ní yàrá kejì. Ó ń kí mi láàárọ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àkọ́bí yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù keje

Àkọ́bí mi,

O fi ẹnu ara rẹ pa ọmọ rẹ. Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀, oṣù kọkànlá ló máa sọ ọ́.

O tún tú àṣírí ìyá rẹ níwájú àjèjì, níwájú ọkùnrin tí ẹ kò tilẹ̀ rí ojú rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo ṣe é fún. Ẹni náà ló wá di adájọ́ mi.

Mi ò ní kọ̀wé mọ́ títí ara mi á fi rọlẹ̀.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹjọ

Màámi,

Mo mọ̀ pé ẹ ò tíì fẹ́ gbọ́ tèmi. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé Kékeré máa gbéra lọ́jọ́ kejìdínlógún. Ọkọ mi ló mú un lọ wo odò yẹn, ó gbé e gba ọ̀nà bọ́ọ̀sì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń fi ilé hàn án. Kékeré padà dé, ó jẹun. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn.

Ìyá ọkọ mi tún pè, ó tún mú ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ wá. Ọkọ mi ní, "Màmá, awakọ̀ lèmi, mi ò ní oko." Mo rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù kẹfà. Orúkọ mi ṣì wà lórí ìlà ọlọ́dún mẹ́ta yẹn. A kò retí nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ ti kọ̀wé bínú sí mi. Ó dáa, mo gbà á. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Tiwa kò tó oṣù mẹ́fà tó fi bá a, bóyá àánú nìyẹn. Tí Kékeré bá dé, ẹ má ṣàlàyé fún un pé nítorí mi ni. Ó ti mọ̀. Òun lẹ ṣẹ̀. Èmi náà ṣẹ̀ ẹ́, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ títí, kò tíì dá mi lóhùn.

Àkọ́bí yín.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ. Mi ò fi ìbínú kọ èyí.

Kékeré dé, kò wọlé mi. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ránṣọ ló sọ̀kalẹ̀ sí. Mo lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Á dìde, á kí mi dáadáa, á gbé àga fún mi, á padà sídìí maṣíìnì. Káfíńtà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ń tún ẹsẹ̀ tábìlì ṣe. Mo rò pé á sọ̀rọ̀ sí mi, ṣùgbọ́n ó gbé irinṣẹ́ rẹ̀, ó jáde fún wa. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kẹrin, mo kúnlẹ̀. Orúnkún ọ̀tún kọ̀, kò ká, mo fi ọwọ́ ti ògiri, mo sì kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo bí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ pariwo. Kékeré kò pariwo. Ó ní, "Ẹ dìde, Màámi, aṣọ yín ń dọ̀tí." Ó gbé mi dìde, ó gbọn aṣọ mi, ó padà sídìí iṣẹ́. Mo dúró. Mo ní, "Ṣé o ò ní sọ nǹkan kan?" Ó ní, "Mi ò bínú nítorí ohun tí ẹ fẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni, kò burú kí ẹ fẹ́ ẹ. Èmi ni ẹ fi ṣe ìgò, ẹ kò bi mí."

Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, àwọn tí mo gbẹ̀bí fún máa ń padà wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo dùbúlẹ̀, mo ń ronú nípa àwọn tí kò padà wá. Mo ti ń rò tẹ́lẹ̀ pé wọ́n kó lọ sí àdúgbò mìíràn ni.

Mi ò mọ bí a ṣe ń bẹ ọmọ. Ẹ ní sùúrù fún mi.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹwàá

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí bùrọ̀dá mi awakọ̀. Ẹ má bínú pé mi ò gbé fóònù yín. Tí mo bá gbọ́ ohùn yín, màá sunkún, mi ò sì ní lè sọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ìwé tí ẹ yọ́ fi sínú àpò mi ní ọjọ́ tí mò ń bọ̀, mo ti rí i, mo ti kà á. Mo ti dárí jì yín. Ti Màámi ṣì ń lọ lọ́wọ́. Mi ò tíì padà sílé, ṣùgbọ́n mo máa ń lọ fi ìpara ra orúnkún fún wọn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. A kì í sọ púpọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n po tíì fún mi, wọ́n di ṣíbí mú, wọ́n ní, "Ṣúgà mélòó?" Ẹ̀gbọ́n mi, láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, àwọn ló ń bu ṣúgà sí tíì mi. Mi ò mọ iye tí mo fẹ́. Mo ní méjì, ó dùn jù, mo mu ún tán.

Káfíńtà bi mí ní ohun kan. Ó ní tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ bi mí fúnra yín láti ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Mo ní kó jẹ́ kí n ronú. Mo sì ti ronú, ẹ gbà mí gbọ́. Tí mo bá jókòó sídìí maṣíìnì, mo máa ń rò ó pé ẹ wà níwájú mi, ẹ ní, "Kékeré, mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ ní nǹkan ńlá kan, o sì lè kọ̀." Lọ́jọ́ mìíràn, mo máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ tó sọ̀rọ̀ tán. Lọ́jọ́ mìíràn, mo máa ń rí ọmọ kan tó ní ojú mi, tó ń dágbére fún mi ní pápákọ̀ òfúrufú, mo máa ń ní rárá.

Wọ́n ní oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa pa fáìlì yín dé. Mo fẹ́ kọ̀wé sí yín kó tó di ìgbà yẹn, kí n lè sọ èyí tí ǹ bá wí ká ní ẹ bi mí, bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá. Mo ti jókòó sí i láti àárọ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n mi. Ó yẹ kó jẹ́ pé èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n láyé yìí, mi ò sì mọ̀ ọ́n.

Àbúrò yín,
Kékeré.